Mo ti ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn olórin láti ọdún mẹ́fà, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi kọ tèmi báyìí

Àbẹ̀kẹ́_Ìkòròdú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ orin pọ̀ níbí.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń kọ orin sílẹ̀ fún àwọn olórin. Bí wọ́n bá ti ní bíìtì, wọ́n á fi ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp. Màá wá ohùn sí i, màá to ọ̀rọ̀ rẹ̀, màá kọ ọ́ sínú fóònù, màá dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mẹ́ta nínú wọn ti lọ dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ dánfó ní Mile 12, kọ̀ǹdọ́ ń kọ ọ̀kan nínú wọn bó ṣe ń gbowó lọ́wọ́ èrò. Kò fo ọ̀rọ̀ kankan, títí kan ibi tí mo ti fi oríkì ìyá mi àgbà, Àṣàkẹ́, sínú rẹ̀. Mo kàn ń wò ó lẹ́nu ni.

60,000 náírà ni wọ́n fún mi lórí ìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ò kọ ìwé kankan. Orúkọ mi ò sí níbì kankan tí èèyàn lè rí i. Nígbà tí mo béèrè, èsì tí mo gbà ni pé wọ́n ti sanwó mi.

Mo ní orin 11 nílẹ̀ tí mi ò fún ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ ara mi ló wà nínú wọn. Mo fẹ́ kọ wọ́n jáde. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ohùn mi wúwo, ó rẹlẹ̀ bíi ti ọkùnrin, prodúsà kan sì ti sọ fún mi pé kí n kúkú jókòó sídìí kíkọ sílẹ̀. Tí mo bá sì pa iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn èèyàn tì, kí ni màá fi san owó ilé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá_Míksà

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kí o tó dé sítúdíò rárá, jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ìwé ṣe, torí ibẹ̀ lomi ti ń jò. Ọdún 17 ni mo ti lò nídìí míksà. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ẹni tó kọ orin sílẹ̀ jókòó sí pálọ̀ kó máa sunkún, tí àwọn yòókù wà lóde tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Ohun méjì ló wà nínú orin kan. Èkíní ni orin náà gan-an, ohùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí o lè kọ nínú balùwẹ̀ láìsí bíìtì. Èkejì ni gbígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní master. Ẹni tó sanwó sítúdíò lè ní master. Ìyẹn ò ní kó ní orin. Nínú òfin Copyright ti Nàìjíríà, tọdún 2022, ẹ̀tọ́ orin kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí ìwé. Ẹ ò kọ ìwé. Wọ́n lè sọ pé o fún àwọn láṣẹ láti lò ó, ìyẹn sì lè jẹ́ tẹnu lásán, ṣùgbọ́n àṣẹ àtilò yàtọ̀ sí ẹni tó nilé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ìpín tìrẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ nínú orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ lè jẹ níbẹ̀.

Torí náà, má pa ohùn kankan rẹ́ lórí WhatsApp yẹn. Kó gbogbo rẹ̀ jáde pẹ̀lú déètì tó wà lára wọn, tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, kí o gbé e lọ fún lọ́yà tó mọ òfin orin. Má lọ bá ẹnikẹ́ni jà lórí Instagram kó o tó rí lọ́yà o. Mo bẹ̀ ọ́.

Láti òní lọ, ìwé ìpín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ kí ẹnikẹ́ni tó jáde nínú sítúdíò. Ojú ìwé kan ti tó: orúkọ orin, orúkọ gbogbo ẹni tó dá sí i, ìdá mélòó nínú 100 ló jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, déètì, ìbuwọ́lùwé. Ẹni tó ṣe bíìtì máa ń ní tirẹ̀ níbẹ̀, má bá a jiyàn lórí ìyẹn. Tí wọ́n bá ní kó di ọ̀la, kọ ọ́ sí WhatsApp lójú ẹsẹ̀: "Orin tá a ṣe lónìí, èmi 50, ìwọ 50, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Tí wọ́n bá ti fèsì "bẹ́ẹ̀ ni", o ti rí nǹkan dì mú.

Yéwándé_Peckham

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti jìyà.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá wa gbé orin sórí Spotify àti Apple Music, owó master ni wọ́n ń san. Owó ẹni tó kọ orin sílẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Èèyàn á máa rí dọ́là díẹ̀díẹ̀ kó máa rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn òǹkọ̀wé orin gbowó. Nílé, MCSN ni mo mọ̀ sí i. Níbí ní Ìlú Ọba, PRS ni. Wọ́n á fún yín ní nọ́ḿbà kan tí wọ́n ń pè ní IPI, ó ti di tiyín nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìpín tó wà nínú ìwé tí Bọ̀dá Míksà sọ. Kọ́ọ̀dù ISRC tó wà lára orin tẹ́ ẹ gbé jáde, ti master ni. Ti orin fúnra rẹ̀ ni ISWC. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan tàn yín pé méjèèjì ti pé.

Ẹ sì kọ orúkọ yín bákan náà níbi gbogbo. Ọdún méjì ni owó mi fi há síbì kan torí pé orúkọ bàbá mi ló wà níwájú nínú fọ́ọ̀mù kan, tó wà lẹ́yìn nínú èkejì.

Lánre_Dùùrù

Ọ̀rọ̀ ohùn rírẹlẹ̀ yẹn ló mú mi wọlé. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bó ṣe ń tẹ dùùrù.

Carole King ni, olórin Amẹ́ríkà tó dàgbà ní Brooklyn, New York. Òun àti ọkọ rẹ̀ nígbà yẹn, Gerry Goffin, jọ ń kọ orin fún Aldon Music, iléeṣẹ́ tó ń gba àwọn òǹkọ̀wé orin síṣẹ́. Ìyàwó ń wá ohùn nídìí dùùrù, ọkọ ń to ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 18 ni, ọmọ ọwọ́ ti wà nílé, nígbà tí orin tí wọ́n kọ fún àwọn Shirelles, ẹgbẹ́ akọrinbìnrin kan, dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 1961. Wọ́n kọ fún Drifters, wọ́n kọ fún Chiffons, wọ́n kọ fún Aretha Franklin ní 1967. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ nílé, Little Eva, wọ́n kọ fún òun náà, òun náà dé ipò kìíní ní 1962. Obìnrin tí gbogbo ayé ń kọ orin rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n.

Dẹ́mò kan, ìyẹn orin àwòṣe, tó kọ fún olórin ọkùnrin kan ni wọ́n gbé jáde lórúkọ tirẹ̀ ní 1962 yẹn. Ó dé ipò kẹta ní Ìlú Ọba, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́. Ìgbéyàwó tú. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Los Angeles, ó dá ẹgbẹ́ akọrin kékeré sílẹ̀, àwo kan ni wọ́n ṣe, kò lọ. Ó ṣe àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1970, ìyẹn náà ò fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1971 ló gbé Tapestry jáde. Ọ̀sẹ̀ 15 ló fi wà ní ipò kìíní láìsọ̀kalẹ̀, ó sì gba Grammy mẹ́rin lórí rẹ̀ ní 1972. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín 1961 sí 1971.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Lórí àwo yẹn, ó tún méjì kọ nínú àwọn orin tó ti fún ẹlòmíràn: ti Shirelles àti ti Aretha. Kò sí ẹni tó lè bá Aretha du ohùn, kò sì gbìyànjú rẹ̀. Ó fà á wálẹ̀, ó jẹ́ kí dùùrù ṣíwájú, ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì. Ohùn rẹ̀ ò tóbi, ó há díẹ̀. Ti Shirelles, ọmọdébìnrin ló ń béèrè níjelòó bóyá ọkùnrin yìí á ṣì fẹ́ràn òun tílẹ̀ bá mọ́. Lẹ́nu obìnrin tó ti bímọ méjì, tí ilé rẹ̀ ti tú, ìbéèrè náà ti di òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o. Mo máa ń gbọ́ méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ara mi á bù máṣọ.

Torí náà, tí lọ́yà bá ti ní kò séwu, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn orin mẹ́ta yẹn, ẹ tún un kọ bí tiyín. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ wá kíì tiyín, ìyẹn ibi gíga tàbí ibi rírẹlẹ̀ tí orin ti bá ohùn yín mu. Ẹ jókòó sídìí dùùrù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíì tí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ẹ máa fetí sí ohùn tó rẹlẹ̀ jù nínú orin náà. Tó bá ti di pé èémí nìkan ló ń jáde níbẹ̀, ẹ ti kọjá ilé, ẹ padà sókè ní ẹyọ kan. Èyí tí prodúsà yẹn gbọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú kíì ẹlòmíràn ló ti gbọ́ yín.

Alàgbà_Akéwì

Lánre, o káre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á síbì kan, torí èdè tiwa kì í ṣe ti New York.

Bí ẹ bá sọ gbogbo orin kalẹ̀ pa pọ̀, kò séwu, òkè ṣì jẹ́ òkè fún ìsàlẹ̀. Àmọ́ bí Àbẹ̀kẹ́ bá torí pé ohùn rẹ̀ ò dé ibì kan, tó wá yí ọ̀nà orin padà lójú ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ lè sá lọ. "Ọkọ mi dé." Ohùn mẹ́ta dúró lójú kan, ẹ̀kẹrin gòkè. Ẹ já ohùn wálẹ̀ lórí ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ náà, "kọ", ó di "ọkọ̀ mi dé". Ẹ gbé e sókè, ó di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó fi ń kí ọkọ ti dé ìdíkọ̀, ó ti dé oko.

Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn orin ìsìn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Ohùn òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa lé, ọ̀rọ̀ ń wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bàbá T. K. Ekundayo Phillips, tó pẹ́ nídìí dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí bí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ ṣe lè máa bá ara wọn rìn.

N kò sọ pé gbogbo ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àmì. Etí máa ń fi ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú mọ èyí tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí orin dúró lé, àti orúkọ èèyàn, pàápàá oríkì, ẹ má jẹ́ kí ó ṣìnà. Ọmọ mi, sọ ìlà orin náà lẹ́nu lásán bí ìgbà tí o ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibi tí ẹnu bá ń gbé e lọ, jẹ́ kí orin tẹ̀ lé e.

Tólú_Ìjẹ̀bú_Òde

Ẹ kú ọgbọ́n orí, Alàgbà.

Lórí bóyá kó dá iṣẹ́ dúró: rárá o. Ẹ wo Tems. Ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ní 2018, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe bíìtì orin àkọ́kọ́ tó gbé jáde lọ́dún yẹn. Ohùn tiẹ̀ náà wúwo, ohùn wíwúwo yẹn la sì fi ń dá a mọ̀ tó bá ti wọlé. Ó gbé EP rẹ̀, ìyẹn àwo kékeré, jáde ní 2020. Ọ̀kan nínú orin tó wà lórí rẹ̀, Higher, ni Future, olórin Amẹ́ríkà kan, mú lára rẹ̀ ṣe orin ní 2022, ó wọ ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, Tems sì gba Grammy lórí rẹ̀ ní 2023. Lọ́dún 2022 yẹn kan náà ló wà lára àwọn tó kọ orin tí Rihanna kọ fún fíìmù Black Panther kejì. Àwo tirẹ̀ ńlá ò tíì jáde títí di 2024. Iṣẹ́ méjèèjì ń fa ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ Higher yẹn dáadáa. Orin tó kọ fún ara rẹ̀ ni, tí kò sí ẹni tó rán an sí i. Òun náà ni ayé padà wá bá. Àǹtí, àwọn orin 11 yẹn, ẹ má fi ọ̀kankan tọrẹ.

Ṣadé_Abẹ́ru

Tólú, mo fara mọ́ èyí tó gbẹ̀yìn, mi ò fara mọ́ èyí tó ṣíwájú. Gbogbo èèyàn kọ́ ló lè ṣe méjèèjì pa pọ̀. Èmi kọ orin fún ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́rin. Bí ìlà tó dùn bá ti wá sí mi lọ́kàn, ẹni tó fẹ́ sanwó ní ọ̀la ló ń gbà á. Nígbà tí mo wá jókòó láti kọ tèmi, mo rí i pé ohùn àwọn èèyàn yẹn ló wà lẹ́nu mi. Mo ń kọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dákẹ́ pátápátá kí n tó gbọ́ ara mi.

Tí owó ilé ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lè dá a dúró, ẹ pín ọ̀sẹ̀ sí méjì. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú fún oníbàárà. Láti Ọjọ́bọ̀, ẹ pa WhatsApp. Ẹ má gba owó kan ṣoṣo mọ́ náà. Ẹ gba owó iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tún ní ìpín nínú orin. Ẹni tó bá ní òun ò ní fún yín ní ìpín, ẹ jẹ́ kí owó iṣẹ́ tó máa san gòkè dáadáa, kó sì wà nínú ìwé.

Tólú_Ìjẹ̀bú_Òde

Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mi ò rò ó dé ibi ohùn àwọn èèyàn tó ń kù síni lẹ́nu yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ṣómólú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tó ti máa gbà á, torí owó sítúdíò á tètè tán lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi ni mo ti gba ohùn orin mẹ́fà. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, mo fi ankara àti aṣọ òfì kọ́ síbẹ̀ kó kún dáadáa, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀yìn mi, mo kọjú sí àwọn aṣọ. Aṣọ máa ń gbé ariwo mì. Máíkì ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, kẹ́ ẹ sì yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí "p" àti "b" má baà máa bú gbàmù. Aago méjì òru sí mẹ́rin ni ti wa ní Ṣómólú, lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé bá ti kú, kí mọ́ṣáláṣí tó pè. Ẹ gba agbára sínú láptọ́ọ̀pù nígbà tí iná wà, ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń gba iná máa ń hó nínú máíkì. Kẹ́ ẹ wá gbé ohùn yẹn lọ fún Bọ̀dá Míksà.

Lórí ẹ̀rù: James Taylor, olórin ọkùnrin kan, ló ti Carole King tí Lánre ń sọ yẹn síwájú èrò. Obìnrin náà ń bá a tẹ dùùrù lẹ́yìn, ó wá ní kó kọ ọ̀kan nínú orin tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ wá ẹni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Orin kan, lẹ́yìn ẹlòmíràn, níbi ìsọmọlórúkọ pàápàá.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Mo ti kó ohùn 214 jáde láti orí WhatsApp, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú déètì. Lọ́yà ti kọ lẹ́tà ọ̀wọ̀ kan sí wọn, wọ́n ti ní ká wá jókòó. Mo ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ agbowó-orin. Oníbàárà méjì ti bu ọwọ́ lu ìwé ìpín. Ẹ̀kẹta ò fọwọ́ sí i, mo sì dá bíìtì rẹ̀ padà fún un. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń ṣe é.

Àwọn orin 11 yẹn wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Àmọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ gbà ni orin tí kọ̀ǹdọ́ yẹn ń kọ, kí n lè mọ bó ṣe máa dún lẹ́nu mi, ìlò ilé ni títí lọ́yà á fi sọ̀rọ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti D dé G. Nígbà tí mo dé ibi oríkì ìyá mi àgbà, mo ṣe bí Alàgbà ṣe wí, mo sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ pé nínú èyí tó lọ káàkiri, wọ́n gbé àárín rẹ̀ sókè. "Àṣákẹ́" ni gbogbo ìlú ń kọ. Àwọn tí mo kọ ọ́ fún ò mọ̀, èmi fúnra mi ni mo kọ ohùn yẹn ránṣẹ́ lórí fóònù láàárín òru, torí bíìtì ló ń gòkè níbẹ̀.

Mo jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Ẹ̀ka méjì nísàlẹ̀, ìkẹta gòkè. Ìsàlẹ̀ yẹn, ibi tí ohùn mi ti nípọn jù nìyẹn.

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀. Màmá mi jí, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di ìró rẹ̀ mọ́ àyà. Mo rò pé ó fẹ́ ní kí n dákẹ́. Ó ní, "Tún ibi tí o ti pe ìyá mi kọ."

Mo tún un kọ.